Àkóso Láàrin Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1917 ni L. L. Nunn dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Deep Springs sílẹ̀ ní aginjù California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Nwọ́n ńfún wàrà màlúù, nwọ́n ńbomi rin oko, nwọ́n sì ńjókòó ìgbìmọ̀ lórí òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ nígbà ẹ̀kọ́. Nwọ́n a tún máa lọ́wọ́ sí yíyan olùkọ́ àti ọmọ tuntun.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọdé kò mọ àkóso. Lóòótọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òfin tí a fi pàṣán gbé ró a máa wó bí ọ̀gá bá yíjú. Èyí tí ènìà bá lọ́wọ́ sí, ojú a máa tì í láti rú u.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ wa ní àyè nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí kò kọ́ àkóso ní kékeré, báwo ni yóò ti ṣe àkóso ìlú?