Ẹ Jẹ́ Ká San Owó Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀.

Ní àkókò kan, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí mo bá ń ti Ìlasà lọ sí ibi iṣẹ́ ní Adó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní rédíétọ̀ ló dí. A ra òmíràn, tòkunbọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún gbóná. Ó ní pọ́ǹpù omi ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó tún gbóná. Ó wá ní ká tú orí ẹ́ńjìnnì, ká pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló kù tí mo máa fi ṣe é.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ náà ló bá mi wò ó. Kò mú sípánà kankan dání. Ó ní kí n sítáàtì ọkọ̀, kó gbóná díẹ̀. Ó fọwọ́ kan rọ́bà òkè tó wọ rédíétọ̀, ó gbóná janjan. Ó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, ó tutù. “Pásítọ̀, omi ò kọjá. Tẹmósítáàtì yín ti há, kò ṣí mọ́.” Nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́!

Bí a ṣe pààrọ̀ rẹ̀ tán, mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fún bàbá ní owó táṣẹ́rẹ́. Lójú mi, kí ló ṣe? Ó wo owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ká ní mo fi òróró ra ara ni, ẹ ò bá san jù báyìí lọ.” Ojú tì mí. Ẹni tó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta ni mo kówó rẹpẹtẹ fún.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Àwa tí à ń gbé ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ lọ fún àtúnṣe ni a ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní irọ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sọ pé wáyà kan ló tú, òun sì ti dè é, a ó ní, “Ṣé ìyẹn náà lo fẹ́ gbowó lé?” Àmọ́ tó bá ní kọ́ìlì ló jóná, a ó sanwó kọ́ìlì, a ó tún san owó iṣẹ́ lé e. Ta ni yóò wá sọ òtítọ́? Mi ò dá òṣùwọ̀n èké láre o. Ẹni tó ń jalè ń jalè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ san owó ọgbọ́n yóò san owó àìmọ̀.

Àwọn tí kò ní ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta ohun mímu tútù. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ́, yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò sì kú. Wọ́n ta kọ́ìlì fún un, wọ́n ta kabúrétọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló lọ sílẹ̀! Púpọ̀ nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ tí a ń da ọ́ìlì sí ìdí wọn lọ́tọ̀ ní ohun kan nínú tó máa ń pa iná plọ́ọ̀gì bí ọ́ìlì bá ti kéré, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí bẹntiróòlù fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà ní lítà kan sí nǹkan bí 500, tó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, èrè irú wọn kò gba kọ́ìlì tí kò yẹ ní rírà.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun, ẹ bèèrè pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?” Ẹ gba èyí tó bàjẹ́ padà. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò (àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ ibi ìtọ́kọ̀), ẹ rántí pé ibi tó ń ké ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tó kú. Wáyà tó já lè mú kó dárúkọ ohun tí nǹkan kan kò ṣe.

Àwọn míì wà tí a lè wò fúnra wa. Bí ọkọ̀ bá kàn ń dún kẹ́-kẹ́ tí iná iwájú sì ń ṣú, ẹ wo orí bátìrì bóyá ó ti hu nǹkan funfun. Ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Fíríìjì tí kò tutù dáadáa, ẹ gbá eruku ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi bébà há ẹnu ọ̀nà rẹ̀: bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ti rọ. Gáàsì ìdáná, fọ́ọ̀mù ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, ẹ má ṣe ṣáná sí i láé. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná.

Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀tá ilé ni. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà lé jẹnẹrétọ̀ kan lórí rí níbi ìṣọ́ òru, tó jẹ́ pé a kò ṣí ẹnu epo rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe bó bá ti ṣẹlẹ̀. Nítorí olè, à ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná lóru. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba ipò afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Orí á fọ́ni, èébì á gbéni, oorun á dé, a ò sì ní jí. Ẹ fi ṣéènì dè é síta, kó jìnnà sí fèrèsé. Bí olè bá gbé e, ẹ jẹ́ kó gbé e.

Mo padà lọ bá bàbá yẹn lọ́sẹ̀ kejì, mo fi kún owó rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tó gbà á, ó ní kí n mú ọ̀kan wá nínú àwọn ọmọ ìjọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí òun fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan rọ́bà hàn án. Mo ti mú méjì lọ.