Ẹ Jẹ́ Kí Gbénàgbénà Rẹ́ Pákó Rẹ̀ Tán

Ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn mí lọ́kàn ni mo gbé wá, n kò sì ní fi epo bọyọ̀ nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni àwa bí i mẹ́wàá ti péjọ nínú yàrá kan ní ilé-ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a ń wo ètò àtijọ́ kan tí a ń pè ní *This Old House* lórí kọ̀ǹpútà. Òṣé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pa ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbọ́ lọ. Ó tó kí ẹnì kan dá wọn lóhùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WGBH ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọdún 1979. Ilé-iṣẹ́ náà ra ilé àtijọ́ kan tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì ní àdúgbò Dorchester, ó sì fi ètò 13 han aráyé bí a ti ń tún un ṣe. Bob Vila ni atọ́kùn, Norm Abram ni gbénàgbénà. Russell Morash tí ó dá a sílẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ìkọ́ni: òun náà ni ó ti bá Julia Child ṣe ètò oúnjẹ sísè láti ọdún 1963.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan ètò yìí ni pé ó ń falẹ̀. Abram yóò wọn pákó, yóò tún wọ̀n ọ́n, yóò fàlà sí i, yóò wá rẹ́ ẹ, Vila yóò sì máa bi í ní ìbéèrè tí ọmọdé lè bèèrè. Ni ọ̀rẹ́ wa kan bá nawọ́ sí ẹ̀rọ, ó ní kí á sáré fò ó kọjá, kí á lọ wo bí ilé náà ti rí nígbà tí ó parí. Áà! Ibi tí ó fẹ́ fò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn ètò ilé títúnṣe ti òde òní ni ó sọ ojú wa di ojú alákànjú. Wọn a fi ilé tí ó bàjẹ́ hàn ọ́, orin a dún, onílé a rí ilé tuntun, a bú sẹ́kún, ó parí. Kí ni ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Vila kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó jókòó sílé ni ó ń bá a bèèrè. Àwa tí a ti lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí a ti rí bí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé ti ń bẹ̀rù láti nawọ́ sókè, ṣé àwa ni ó yẹ kí á fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín?

(A gbọ́ pé ohun tí ó mú Morash fẹ́ràn Abram ni pé nígbà tí ó ń kọ́lé fún un, àjákù pákó tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá ń wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì kì í fi igi ṣòfò.)

Ẹ̀sùn kejì ni ó gún mi lọ́kàn jù. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn òyìnbó náà ń fara ni lórí igi tí ó ti jẹrà, nígbà tí wọn ì bá wó ilé náà dànù, kí wọ́n kọ́ tuntun. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹbí wa sọ ní ọdún tí ó kọjá nípa ilé alámọ̀ bàbá bàbá mi. Òrùlé ni ó ń jò. Ẹnikẹ́ni kò gun àjà lọ wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ògiri wò bóyá ó ṣì lágbára. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wó o. Ilẹ̀kùn ìrókò tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn di igi ìdáná. Búlọ́ọ̀kù tí a tò síbẹ̀ kò tíì ga ju orúnkún lọ, nítorí pé owó tán. Nínú àwọn ètò tí a wò, àyẹ̀wò ni ó máa ń ṣáájú òòlù: èwo ni ó rà, èwo ni ó ṣì le? Ìbéèrè tí ẹbí wa kò bèèrè nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹta, pé ètò olówó ni, n kò lè jiyàn rẹ̀ tán. Láti orí ilé Dorchester, wọ́n bọ́ sórí ilé ńlá kan ní Newton tí gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé H. H. Richardson yà, wọ́n sì pín in sí ibùgbé márùn-ún. Àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà pàápàá ráhùn pé ilé tí apá àwọn kò ká ni wọ́n ń fi han àwọn. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ni ó sì ya Vila àti ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1989. Gbogbo èyí, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe ojú fèrèsé kí òjò má baà wọnú ògiri, ọ̀nà kan náà ni fún olówó àti tálákà. Ẹni tí ó ń ráhùn nítorí tálákà, tí ó sì ń fo ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà náà hàn, kí ni ó fẹ́ gbé lọ sí ilé tálákà?

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, a ó tún péjọ. Èmi ni n ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, n kò sì ní fo ibì kankan. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kánjúkánjú lálẹ́ ọjọ́ náà, a kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.