Ìmìtìtì ilẹ̀: ọpẹ́ tọ́ sí àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò a máa fi ìka kàn án lára, kí ó lè ti ipa ohùn rẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti sán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ayé. Ihò tí ó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn gbẹ́, èyí tí ó wà ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi díẹ̀ ju kìlómítà 12 lọ. Àárín gbùngbùn ayé sì jìn ju kìlómítà 6000.

Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ a máa la inú ayé kọjá. Bí ó bá kan ibi tí ó gbóná gan-an, ìrìn rẹ̀ a falẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ń kọ ìgbì náà sílẹ̀ ní ìlà tí ń gòkè, tí ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọdún 2020, Doyeon Kim ti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé nǹkan bí 7000 irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn ìmìtìtì ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ yí òkun Pàsífíìkì ká láti 1990 sí 2018 ni ó wà nínú wọn. Ìlànà tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìràwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún! Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò wá. Fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìlà kan wé èkejì, tí ó ń to àwọn tí ó jọra pọ̀, títí àmì tí ojú ènìyàn kò lè rí nínú ìlà kan ṣoṣo fi hàn gbangba nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí i pé lábẹ́ erékùṣù Marquesas, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí kìlómítà 2900 sísàlẹ̀, òkúta kan wà tí ń fa ìgbì sẹ́yìn gidigidi. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni àwọn ènìyàn ń yìn. Ìyìn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú òjò àti oòrùn, tí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ni wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ìjọba a máa tètè náwó sórí ohun tuntun. Owó ìtọ́jú ni í pẹ́ kí ó tó jáde. Èyí kò tọ́.

Níbi tí ẹ̀rọ kò bá ti gbọ́ ìgbì, kí ni kọ̀ǹpútà yóò rí kà? Ní Áfíríkà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń mì níbẹ̀ pẹ̀lú: ní oṣù kẹfà ọdún 1939, ó mì ní Accra, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ lónìí, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni yóò fi kọ irú ìtàn tí ti Pàsífíìkì kọ. Bí àwọn ìjọba bá tún dúró fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó di ogójì.