Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kò Tó Ẹ̀rí: Ẹ Yẹ Ẹ́ńjìnì Wò Kí Ẹ Tó San Owó



Lẹ́yìn ilẹ̀ àti ilé, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi owó rà tí ó tó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í sì í ra tuntun. Àlòkù ni à ń rà: yálà tòkunbọ̀ tí ó gba ojú òkun wọlé, tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní ìlú yìí kí ó tó gbé e jáde fún títà. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, owó àjọ, tàbí owó ìfẹ̀yìntì ni a sì fi ń rà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi irọ́ ta ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́, òógùn ọdún púpọ̀ ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí. Nígbà tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ bá sọ fún yín pé òun ti tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, pé òun ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí pé òun ti yí i padà kúrò ní bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan lé owó ọkọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí. Ìyípadà tí kò ní ẹ̀rí kì í ṣe àǹfààní, ewu ni.

Kò sí ìlú tí a kò ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe Kánò, ìbáà ṣe Port Harcourt. Ọ̀kan yóò ní, “Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí i.” Òmíràn yóò ní, “Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, a ti sọ ọ́ di plọ́ọ̀gì mẹ́rin kí ó má baà mu epo jù.” Ẹlòmíràn yóò ní, “A ti tú u palẹ̀, a sì ti tún un tò. Bíi tuntun ni.” Láti ọdún 2023 wá, ọ̀rọ̀ mìíràn tún ti kún un: “Gáàsì ni ó ń lò báyìí, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé epo wọ́n.”

Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní Panteka ní ìlú Kàdúná, àti ní Suame Magazine ní ìlú Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà tí wọ́n ń sọ òkú ẹ́ńjìnì di alààyè. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere wọn ni oníjìbìtì fi ń bo ara. Ojú sì ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Báwo ni a ó ti ṣe ṣọ́ tiwa?

Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà. Nọ́ńbà méjì ni ó ṣe pàtàkì: ti ṣásì àti ti ẹ́ńjìnì. Ti ṣásì máa ń jẹ́ àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà papọ̀, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, láàrín àmì kẹrin sí ìkẹjọ ni a ti ń mọ irú ẹ́ńjìnì tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ fi sí i. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀ wà lára irin ẹ́ńjìnì gan-an. Ẹ ní kí wọ́n nu ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín kà á, kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ní tòótọ́, méjèèjì kò ní bára mu, àfi bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá ti lọ tún ìwé ṣe ní ọ́fíìsì tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé náà, àti rìsíìtì ibi tí wọ́n ti ra ẹ́ńjìnì. Ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ọkọ̀ bí ó ti wọ ìlú ni ìyẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí wọ́n bá sì ti ha nọ́ńbà náà, tàbí tí kò tò dọ́gba, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnì tí a jí ni, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò sì bá a lọ́wọ́ yín.

Èkejì, ẹ lọ wo ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíná sí i. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án dè yín ni, ẹ́ńjìnì tí ó ti gbóná a sì máa bo àìsàn rẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibi tí iná ti ń jó. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí abẹ́ rẹ̀ bá ki tí ó sì funfun bí ògì, ẹ fura pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnì tó dìde, iná àmì ẹ́ńjìnì yẹ kí ó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti pa á kí ẹ má baà rí ohun tí ó ń kìlọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kéré sí èyí tí ó ga jù, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní “bíi tuntun ni.” Bí ó bá ní àwọn gbẹ́ inú sílíńdà, ẹ bi í pé písítìnì wo ni wọ́n fi sí i: ṣé èyí tí ó fi 0.25 milimítà ju ti ilé iṣẹ́ lọ ni, tàbí 0.50? Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò ní ronú kí ó tó dáhùn, yóò sì lè mú rìsíìtì jáde.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì lágbára jù, ni ọ̀rọ̀ gáàsì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti dópin. Láàrín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 náírà. Nínú àdéhùn tí ìjọba bá NLC àti TUC ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ tí ń lo gáàsì CNG wà lára ìlérí tí wọ́n ṣe fún wa. Àwa kò lòdì sí gáàsì. Àgbá ayédèrú ni a lòdì sí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju bar 3 lọ. Gáàsì CNG, bar 200 ni wọ́n ń fún un sí nínú àgbá. Àgbá gáàsì ìdáná kò lè gba ìdá kan nínú márùn-ún irú agbára bẹ́ẹ̀ láìséwu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àgbá ọkọ̀ kan bẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i ní ìlú Ìbìní, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn tí ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé àgbá tí a jó pọ̀, tí a sì yí padà ni, àti pé kò yẹ fún CNG rárá. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí ó wà lára àgbá: pé CNG nìkan ni ó wà fún, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí lílò rẹ̀ yóò dópin, àti àmì ìlànà ISO 11439 tàbí R110. Ẹ béèrè ìwé ibùdó tí ó yí ọkọ̀ náà padà, kí ẹ sì lọ bi ibùdó náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má wọ ọkọ̀ náà, kí a má tilẹ̀ sọ pé ẹ rà á.

Àwọn kan yóò wí pé bíbéèrè ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pe oníṣẹ́ ọwọ́ ní olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwé ń gbè. Níbi tí a kò bá ti béèrè ẹ̀rí, oníjìbìtì ni yóò máa tà á ní ẹ̀dínwó, tí yóò sì gba oúnjẹ lẹ́nu olóòótọ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé owó mẹkáníìkì àti géèjì ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó ti fi gbèsè ra ọkọ̀. Òtítọ́ ni fún ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan mẹkáníìkì kan tí wọn yóò máa san owó fún, tí kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ń tà. Kí wọ́n má ṣe fi owó ẹ̀yáwó ọkọ̀ sílẹ̀ títí òun yóò fi kọ àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀, tí ẹni tí ń tà yóò sì fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ gbogbo ìyípadà tí ó ṣe sí ẹ́ńjìnì. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì béèrè irú ìwé kan náà lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó bá fi bọ́ọ̀sì tí a yí sí gáàsì kó òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀mí wa ni ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín tí ń bọ̀, kí ẹ sì fi ẹnu kò lé e lórí kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó tún ra ọkọ̀ mìíràn. Owó tí a fi agbára kó jọ, ọgbọ́n ni kí a fi ná an.