Kí Ọ̀wẹ̀ Tó Dé Ibi Ìwakùsà: Ohun Tó Yẹ Kí Pobè àti Sakété Béèrè

Ní Onígbólò, nínú komúnù Pobè ní Benin, wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ló jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì mìíràn wà ní Massè, ní Adja-Ouèrè tó múlé ti Pobè. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbẹ́ láti fi la ọ̀nà tún wà lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ ilé àti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí kàtàpílà bá ti lọ, kòtò ló ń kù sílẹ̀ fún ará abúlé: ìsàlẹ̀ rẹ̀ le koránkorán, ilẹ̀dú orí rẹ̀ ti lọ, òjò sì ń wọ́ ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Àwọn ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀wẹ̀ dá ewéko padà síbẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí kò gbà ni pé kí a máa kó wọn lọ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe.

Láti 1985 ni Benin ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Àkókò náà dára, nítorí òjò ń rọ̀ nígbà náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ni wọ́n ń gbin igi, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń dàgbà. Ọyẹ́ ń bọ̀, iná inú igbó ń bọ̀, ewúrẹ́ kò sì lọ síbì kankan.

Ẹ wo Bamburi, lẹ́bàá Mombasa ní Kẹ́ńyà. Ibi tí wọ́n ti wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì ni, bíi ti Onígbólò. Ní 1971, René Haller, onímọ̀ ọ̀gbìn láti Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀. Oríṣi 26 ló dán wò, mẹ́ta péré ló yè. Casuarina ló ṣe dáadáa jù, nítorí ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú gbòǹgbò rẹ̀ ń bá a fa nitrogen inú afẹ́fẹ́. Síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń já, kò sì jẹrà. Ọ̀kùn ni wọ́n kó wá. Ọ̀kùn ń jẹ ewé gbígbẹ náà, ìgbẹ́ wọn ń di ilẹ̀dú, díẹ̀díẹ̀ ni igi mìíràn sì ń rí ibi dúró sí. Lónìí, igbó tí ẹranko ń gbé ló wà níbẹ̀, Haller Park ni wọ́n sì ń pè é. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ló ṣe é, kì í ṣe ọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àfi kí ilẹ̀ kọ́kọ́ dára kí oríṣiríṣi igi tó lè yè níbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà kan ọ̀wẹ̀ gan-an. Òfin 1977 ní kí àwọn tó ń wa èédú tún ilẹ̀ ṣe. Wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbin koríko lé e. Gbòǹgbò igi kò rí ọ̀nà wọlẹ̀. Láti 2009, ẹgbẹ́ Green Forests Work ní Kentucky ń fi kàtàpílà eléyín irin gígùn tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, kí àwọn olùyọ̀ǹda tó wá gbin igi ìbílẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ló ń ṣáájú ọkọ́.

Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ tún wà, òun ló sì lè da iṣẹ́ rú jù lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á jẹ́ kí àlejò gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, wọn kò ní jẹ́ kó gbin ọ̀pẹ, torí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ń sọ ẹni tó gbìn ín di onílẹ̀. Bí ọ̀dọ́ abúlé kan bá gbin ìrókò àti apá sínú kòtò, ta ni yóò gé wọn lọ́jọ́ iwájú? Ìdílé tó ni ilẹ̀ ni, àbí abúlé? Àìsí ìdáhùn lè mú kí wọ́n hú irúgbìn náà lóru.

Nítorí náà, kí komúnù Pobè àti ti Sakété má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ kòtò tuntun láìsí àdéhùn tí wọ́n kà sókè ní èdè Yorùbá lójú ará abúlé. Kí agbẹ́lẹ̀ kó ilẹ̀dú sọ́tọ̀, kó dá a padà, kó tú ìsàlẹ̀ kòtò, kó sì fi owó sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú owó náà ni kí wọ́n ti máa san owó iṣẹ́ fún àwọn tí yóò ṣọ́ igi, tí yóò ro àyíká rẹ̀ kí iná má bàa dé ibẹ̀, fún ọdún mẹ́ta. Ìṣọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Abala 27 òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 1990 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, ó sì fi ìdáàbòbò rẹ̀ ṣe ojúṣe wọn. Ará abúlé kò tọrọ àánú.

Ní ti ìmọ̀, kò jìnnà. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti 1922, igbó àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tí a ti lè rí èso igi ìbílẹ̀. Àyìnrẹ́, tó ń bu ọ̀rá sí ilẹ̀, ló yẹ kó ṣáájú; kí ìrókò tẹ̀lé e.

Kí àwọn aláṣẹ yan kòtò kan ní Towé, nínú komúnù Pobè, àti kan ní Sakété ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà tó ń bọ̀. Kí wọ́n tú ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kọ àdéhùn onílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lu agogo pe àwọn ọ̀dọ́.