Ẹ Má Gbé Páálí Yẹn Fún Onípáǹtí

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípàdé tó kọjá. Mi ò fèsì níjọ́ náà nítorí inú ń bí mi, ẹ ò bá sì ní àgbà ẹgbẹ́ tún ti dé pẹ̀lú ariwo ẹ̀. Ẹnì kan ní ká kó páálí àwo tó wà lábẹ́ tábìlì fún àwọn tó ń ra páǹtí kiri, ó ní ó ti gba àyè jù. Ẹlòmíì ní kí la fẹ́ fi bọ́ọ̀nà ṣe láyé ìsinsìnyí. Ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un! Ó dáa. Mo wá fèsì sórí ìwé, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo rò ó kí n tó kọ ọ́. Bọ́ọ̀nà ni ká rà. Ká rà á kí sáà yìí tó parí. Ká sì mọ irú èyí tí a fẹ́ rà, torí àìmọ̀ yẹn ló kó wa sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé nígbà yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú páálí náà. Ní 2005 a pe bàbá oníjàálá kan wá láti Mushin. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sun ìjálá fún wa: wọ́n kì erin, wọ́n kì ẹfọ̀n, wọ́n kì Ògún, wọ́n tún fi irun orí ààrẹ wa ṣẹ̀fẹ̀. Kámẹ́rà tí a yá ni a fi gbà á sílẹ̀. A sì ṣèlérí pé bàbá máa rí tiwọn gbà.

Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, tó o bá dé Otigba ní Ìkẹjà láti ra àwo DVD tó ṣófo, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé, púlọ́ọ̀sì àbí máínọ́ọ̀sì? Bí ẹni pé ìdánwò ìṣirò lo wá ṣe. Ẹrù kan náà ni méjèèjì ń gbà, 4.7GB, ojú lásán ò sì lè dá wọn mọ̀. Pioneer ló gbé DVD-R jáde ní 1997, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní DVD Forum sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Philips, Sony, HP àtàwọn mìíràn kóra jọ sọ́tọ̀, wọ́n gbé DVD+R tiwọn dé ní 2002. Panasonic tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń ti DVD-RAM lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìjà ìmọ̀ ni. Ìjà owó ni, gẹ́gẹ́ bí VHS àti Betamax ṣe jà níjọ́sí. Àwọn ló ń jà, àwa tí à ń fi owó oúnjẹ ra àwo là ń sanwó ìjà.

Ẹgbẹ́ wa náà pín sí méjì. Akápò wa ló ń pariwo púlọ́ọ̀sì, ó ní òun ló yá jù. Èmi ni balógun máínọ́ọ̀sì, mo ní òun ni ẹ̀rọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. A bú ara wa débi pé a ò kí ara wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Akápò borí, ọwọ́ ẹ̀ lowó ṣáà wà. A lọ bọ́ọ̀nù àwo mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba. NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì (PHCN ni wọ́n ti ń jẹ́ lọ́dún yẹn, iná ò mọ̀), àwo méjì sì di ohun ọ̀ṣọ́ inú dáńfó. Mẹ́jọ ṣẹ́ kù.

Èmi ni mo gbé ti bàbá lọ sí Mushin. Wọ́n ti pe àwọn aládùúgbò, ìyá ti se oúnjẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù Yorùbá ló wà nílé, àwọn VCD méjì-méjì tí wọ́n máa ń kọ Apá Kìíní àti Apá Kejì sí, torí VCD kan ò lè gba fíìmù tán. Wọ́n ní ó máa ń gba DVD dáadáa. A ti àwo bọ̀ ọ́. Ó yí, ó yí, ó kọ "No Disc". Mo yọ ọ́, mo fi ẹ̀wù mi nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. "No Disc". Bàbá gba àwo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo iwájú ẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àbí ohùn mi ò wọ inú ẹ̀ ni?"

Mo ní màá mú òmíì wá. Ìdánwò dé, ìyanṣẹ́lódì dé, mi ò padà lọ. Bàbá kú ní 2009. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọbìnrin wọn wá mi kàn. Ó ní àwọn ò ní ohùn bàbá níbikíbi. Ohùn yẹn ló wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ gbé fún onípáǹtí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Àmì kan wà nínú àwo DVD tó ń sọ irú ẹni tí àwo náà jẹ́ fún ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ kan láyé ijọ́un ò mọ àmì púlọ́ọ̀sì, wọ́n á kàn kọ̀ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn bọ́ọ̀nà kan lè yí àmì púlọ́ọ̀sì padà, kí ẹ̀rọ rò pé àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ ni. Wọn ò lè ṣe ìyẹn fún máínọ́ọ̀sì. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò ti àwo náà pa lẹ́yìn tó bọ́ọ̀nù ẹ̀ tán, ìyẹn náà ń mú ẹ̀rọ ilé kọ àwo. Akápò ò jàre, èmi náà ò jàre. Nínú gbogbo èébú tí a bú ara wa, kò sẹ́ni tó béèrè pé ẹ̀rọ wo ló wà nílé bàbá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìjà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbi tó ti bẹ̀rẹ̀: láti 2002 ni Sony ti gbé bọ́ọ̀nà tó ń kọ méjèèjì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó, irú ẹjọ́ tí akápò rò lẹ̀ ń rò yẹn. Ta ló máa ṣí i? Ibo ló ti máa ṣí i? Ààrẹ kan nínú ẹgbẹ́ yìí kó fọ́tò ọdún mẹ́ta sí àkáǹtì tó fi orúkọ ara ẹ̀ ṣí. Ó gboyè jáde, ó lọ sókè òkun, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Google sì ti kéde ní 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì lè di pípa rẹ́. Mi ò bá íntánẹ́ẹ̀tì jà o. Ẹ gbé ìjálá náà síbẹ̀, ẹ gbé e sí fúláàṣì, ẹ gbé e sí fóònù. Àmọ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú àwo. Kí lẹ fẹ́ fi yọ ọ́, eyín? Láti ìgbà tí Apple ti gbé MacBook Air jáde ní 2008 láìní ojú ihò àwo, díẹ̀díẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù tó kù náà ń dí tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù yín tó ní in, mo ti wò ó.

Àkókò ò sì dúró. Àwo tí a bọ́ọ̀nù kì í ṣe ọgbà èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀. Aró ló wà nínú ẹ̀, léésà ló ń fi ooru sàmì sí aró náà. Oòrùn àti ooru Èkó ń bà á jẹ́ lọ ni. Ti CD tún burú, torí ohun tó ń dán nínú ẹ̀ wà lábẹ́ ojú tí a ń kọ orúkọ sí gan-an, ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó. Ẹni tó fi bírò kọ "Ìjálá, ohùn nìkan" sórí CD, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnrangandan, èmi nìyẹn. Ti DVD wà láàárín ike méjì, ọpẹ́ ni.

Èwo ni ká rà? Bọ́ọ̀nà tó ń lo okùn USB, tí wọ́n kọ DVD±RW sí lára, tó túmọ̀ sí pé ó gba púlọ́ọ̀sì, ó gba máínọ́ọ̀sì, ó gba CD. Ẹni tó ní ká ra ti Blu-ray, òótọ́ ni, ó lè ka gbogbo ìyẹn, àmọ́ kò sí Blu-ray kan ṣoṣo nínú páálí wa, Sony fúnra ẹ̀ sì ti dáwọ́ ṣíṣe àwo Blu-ray òfìfo dúró ní oṣù kejì 2025. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù owó ra àwo. Ẹni tó sì ní ká ra èyí tó ń kà nìkan torí pé ó pọ́ọ́kú, mo bẹ̀ ọ́, ìyàwó bàbá ṣì wà láyé. Fóònù kékeré ni ìyá ń lò. Ẹ̀rọ DVD ló wà ní pálọ̀ wọn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè. Ọmọ wọn ya fọ́tò ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi. DVD-R, CD-R àti VCD ni wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀, mi ò rí púlọ́ọ̀sì níbẹ̀. Máínọ́ọ̀sì la máa rà. (Akápò, tó o bá ń ka èyí níbikíbi tó o wà, má bínú.) A ò ní sáré bọ́ọ̀nù ẹ̀, a ó ti àwo pa, ẹnì kan á sì jókòó ti jẹnẹrétọ̀ títí ó fi máa tán.

Ó lè jẹ́ pé a ó ti àwo 2005 bọ̀ ọ́ kó tún kọ "No Disc". Mẹ́fà ló kù nínú mẹ́jọ, a ó dán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Mo ti gbé páálí náà lọ sílé mi ní Sùúrùlérè láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé, kí ẹ má baà wá a lábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ dáwó bọ́ọ̀nà kó mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ bàbá ti ní òun náà ń bọ̀.