Ta Ló Ń Fọ Jẹ́sì Wọn?

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Ó dùn ún kà, àmọ́ ó kù síbì kan. Lójú òǹkọ̀wé yín, Kunle Soname dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2004, Daniel Ogunmodede kọ́ wọn, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní 2025, ó parí. Kò parí o!

Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró pẹ́ gan-an lẹ fò kọjá. Ní 2017, wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà. Wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n tún já ní 2019, ó sì di 2021 kí wọ́n tó tún gòkè. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá wà nírú ipò yẹn, akọ̀ròyìn kì í yọjú, àwọn olólùfẹ́ pàápàá á ti wábi gbà. Ta ló ń ṣẹ́kù? Ẹni tó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára jẹ́sì ni, tó ń so ìbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì kí ọ̀kan má baà sọnù. Awakọ̀ ni, tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ gba títì tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Ìyá tó ń dáná ni, tó mọ ẹni tí ẹ̀wà kì í bá lára mu.

Ẹ má sọ fún mi pé owó ló gbé wọn padà. Owó ṣe é lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n owó àti ife-ẹ̀yẹ nìkan kì í gbé ẹgbẹ́ dúró: Stationery Stores ti Èkó gba líìgì ní 1992. Ibo ni wọ́n wà báyìí?

Bí apá kejì bá ń bọ̀, ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje, kó gba orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ṣágámù